Ògbó Tí Mo Kà sí Ogbó

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kìíní 1990

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979 mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni, mo sì sọ fún wọn pé ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, Rẹ̀mílẹ́kún Awóyẹmí, ti sọnù. Kò sọnù. Ọwọ́ mi ló wà. Ó wà nínú àpótí igi lábẹ́ ibùsùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

N kò kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ rí. Ó gbà mí ní odidi òwúrọ̀.

Rájí ló fà á. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní àgbègbè wa. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá lánàá, eruku ọyẹ́ bo irùngbọ̀n rẹ̀ bí èlùbọ́. Ẹgbẹ́ wọn fẹ́ tẹ ìwé sáyẹ́ǹsì kan jáde ní èdè Yorùbá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n pín in sí orí méjìlá, orí kẹsàn-án ló bọ́ sí mi lọ́wọ́: báwo ni sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara ṣe ń mọ èyí tí yóò ṣe nínú gbogbo ohun tó lè ṣe? Ó kó fọ́tòkọ́pì àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun lé mi lọ́wọ́, ó ní kí iṣẹ́ náà tẹ òun lọ́wọ́ kí òṣùpá ààwẹ̀ tó yọ. Oṣù méjì àbọ̀ nìyẹn. Ojú ni kò jẹ́ kí n kọ̀.

Rím bébà kan ti di náírà márùndínláàádọ́ta ní Ọ̀mù-Àrán. Nígbà tí epo ń ṣàn, irú bébà yẹn la fi ń nu tábìlì ní yàrá ìwádìí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kìíní

Mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, síbẹ̀ ẹnu yà mí lónìí bí ọmọdé.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, sẹ́ẹ̀lì ojú, sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn, ìwé kan náà, ìwé jíìnì, ni gbogbo wọn gbé sínú ìyẹ̀wù wọn, kò dín ewé kan. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú ewé tí olúkúlùkù ṣí. Ìwé náà kì í jáde kúrò nínú ìyẹ̀wù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lo ojú ewé kan, yóò da á kọ, àdàkọ náà ni yóò jáde lọ sí ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń se pùròtéènì. Ta ni ń sọ pé ojú ewé báyìí ni kí a dà kọ, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Àwọn pùròtéènì kan ni. Wọ́n a wọ ìyẹ̀wù lọ, wọ́n a wá ibi tiwọn lórí okùn jíìnì, wọ́n a jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàrin ojú àti ẹ̀dọ̀ kò ju ẹni tó jókòó síbi báyìí lọ.

Àpínkẹ́ ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń dá rẹ́rìn-ín sí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó mọ ẹni tí ń ṣí ìwé inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì mọ ẹni tí ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kìíní

Nínú fọ́tòkọ́pì Rájí, mo dé orí èyí tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún 1986 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ mú irú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n fi èépá kòkòrò àrùn kàn án, bí ìgbà tí a fi aṣọ olè han ajá. Wọ́n fi oògùn dí ilé ìdáná sẹ́ẹ̀lì náà pa, kí ó má lè se pùròtéènì tuntun kankan. Síbẹ̀ náà, kò pẹ́ tí pùròtéènì kan fi jókòó ṣinṣin lórí lẹ́tà mẹ́wàá péré lórí okùn jíìnì, ibi tó yẹ kó jókòó sí gan-an. Wọn kò sè é lọ́jọ́ náà. Ó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, ó ń retí ìpè.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì fa àpótí jáde.

Rẹ̀mílẹ́kún kò rí lẹ́tà mẹ́wàá yẹn ní tirẹ̀. A kò ní irinṣẹ́ tí a fi ń rí i nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ehoro ló lò. Ó dí ilé ìdáná àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pa, ó fi èépá kòkòrò kàn wọ́n, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán ka àdàkọ tuntun tó ń jáde. Iye náà gòkè. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó sì ń gòkè. Ó kọ ọ́ pé ohun tó ń pàṣẹ náà ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì kí àrùn tó dé. Ọdún méje ṣáájú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò ìkẹsàn-án ni ìlà náà wà, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: Ki i se idoti. Ogbo ni.

Mo kà á nígbà náà pé: Kì í ṣe ìdọ̀tí, ogbó ni. Mo rò pé ohun tó ń sọ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti darúgbó, pé ìrànrán arúgbó ni ẹ̀rọ ń kà. Mo lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ oyè rẹ̀ wò, mo ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Sà, Ògbó ni mo kọ. Ògbó tiwa." Ògbó, idà tí baba ńlá wa fi la igbó kìjikìji, tí kì í ṣìnà, èyí tí a torí rẹ̀ ń pè wá ní Ìgbómìnà. Èmi ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mo rí orúkọ idà yẹn nínú ìwé tí mo kà á sí àìsàn arúgbó.

Èmi náà sì ni mo kìlọ̀ fún un pé kí ó yéé fi àmì orí ọ̀rọ̀ fi àkókò ṣòfò nínú ìwé iṣẹ́. Mo ní sáyẹ́ǹsì kò nílò rẹ̀.

Àṣìkà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kí n sọ pé mo ṣì í kà. Ṣùgbọ́n orúkọ mi wà níwájú wọn fún oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ní oṣù yẹn gan-an, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá kí àwọn fojú ara wọn rí i, mo ní ó sọnù nígbà tí àwọn káfíńtà ń tún òrùlé yàrá ìwádìí ṣe. Mo tilẹ̀ bá Rẹ̀mílẹ́kún wá a. Ọjọ́ méjì ni mo fi bá a tú pálí kiri. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rí. Wọ́n ní kí ó máa lọ. Mo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1980.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kìíní

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi là. N kò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kìíní

Rájí wá ka ojú ewé mẹ́fà tí mo ti kọ. Ó fi ọ̀wọ̀ kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́. Ọmọ tó bá kà á, á rò pé wọ́n fẹ́ wá mú òun ni."

Ó ní olùkọ́ kan wà ní Àrán-Ọ̀rin tó ń fi èdè wa kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í kúrò lórí wọn mọ́. Ó ní kí n lọ rí i. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà mi ti sọ ọ́ fún mi kí ó tó dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kìíní

Mo lọ. Alùpùpù ni mo gùn, mo gba Arandun kọjá. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì. Kò rí mi.

Ó ti sanra díẹ̀, irun rẹ̀ sì ti ń hu ewú níwájú. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ kún pátákó: igbó, agbo, ogbó, agbó, ìgbà, ogbó, ọgbà, ogbó. Ó tó ogójì. Láàrin wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni Ògbó. Ó ní kí ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlòmíràn di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹni kẹta sáré wọlé, ó ní òun ni ìròyìn pé ọ̀tá ti dé, ó sì gbá ẹni tó di ọwọ́ mú lẹ́jìká. Bí onítọ̀hún ti tú ọwọ́ sílẹ̀, ọmọ àkọ́kọ́ sáré lọ sídìí pátákó, ó ń wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó fọwọ́ kan ogbó. Gbogbo kíláàsì hó lé e lórí pé arúgbó ló lọ kí. Ó tún wá a, ó rí Ògbó, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Ẹ rí i bí wọ́n ṣe jọra tó. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló ń tún ara wọn tò lórí okùn jíìnì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sì sí ẹni tó bá a tan iná." Ọmọ kan béèrè pé kí ló dé tí kò fi máa ń ṣìnà. Ó ní bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ni: gbogbo igun ara rẹ̀ bá ibẹ̀ mu bí ọmọ odó ṣe bá odó mu.

Mo ti gbọ́ àwọn àgbà onímọ̀ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan yìí nínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ọ́ tó báyìí.

Nígbà tó jáde, ó rí mi, ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò gbó rárá, sà."

Ìkíni lásán ni. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kejì

Rẹ̀mílẹ́kún gbà láti bá mi ṣe orí kẹsàn-án. Ó dé ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù pupa. Mo ti pe àwọn pùròtéènì náà ní olùdarí àdàkọ. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Sà, ipò ìjọba lèyí. Olùdarí kì í kúrò lórí àga. Èyí ń rìn."

A jiyàn títí oúnjẹ fi délẹ̀. Níkẹyìn a gbà pé kí olùdarí àdàkọ jẹ́ orúkọ gbogbo ìdílé wọn, nítorí pé wọ́n pọ̀, olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tirẹ̀: ọ̀kan ń sọ sẹ́ẹ̀lì kékeré di èyí tí ń ṣe ohun ìjà sínú ẹ̀jẹ̀, òmíràn ń sọ ọ́ di èyí tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀. Kí Ògbó sì jẹ́ orúkọ èyí tí a ń dì mú lẹ́nu ọ̀nà títí ogun yóò fi dé. Nígbà tó kọ́kọ́ pe orúkọ náà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Òun náà ṣe bí ẹni tí kò rí i pé mò ń díbọ́n.

Ó ní ìdìmú yẹn ló ya òun lẹ́nu jù. Sẹ́ẹ̀lì tó ní irú idà bẹ́ẹ̀ tí kò sì ní ẹni tó di idà mú, ilé ara rẹ̀ ni yóò máa bẹ́. Ibẹ̀ ni oríkèé wíwú ti ń wá nígbà míì. Àpínkẹ́ tó ń gbé omi bọ̀ gbọ́ ọ, ó ní kí a jọ̀wọ́ bá òun lọ di ti orúnkún òun mú, ó ti ń bẹ́ òun láti ọdún Iléyá tó kọjá. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti yunifásítì, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nínú ilé yìí.

Mo kíyè sí i pé kì í kọ ọ̀rọ̀ kan, bó ti wù kó kéré tó, kó má fi àmì sí i. Bí bírò kò bá yọ dáadáa, á tún padà wá sórí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kejì

Rẹ̀mílẹ́kún ní bí ìyá òun bá lóye orí ìwé náà, ẹnikẹ́ni yóò lóye rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí Ẹ̀siẹ́. A kọjá lẹ́bàá ilé tí àwọn ère òkúta wà. Mo ní kí a yà. Ọdún wo ni mo ti rí wọn kẹ́yìn? Wọ́n jókòó bẹẹrẹ, àwọn kan mú idà dání lé èjìká, ojú wọn balẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún sọ fún mi pé láti kékeré ni òun ti máa ń wò wọ́n pé wọn kò kú, pé wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n ni. Ibẹ̀ ni òun ti rí Ògbó òun, kì í ṣe inú ìwé.

Ìyá rẹ̀, Ṣàngóbùnmi, ń pa ẹ̀gúsí lábẹ́ igi òro. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí. Mo ka orí kẹsàn-án fún un, kò dá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Ó wọlé, ó jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́. Ó dáa. Bí ogun bá wá parí ńkọ́, ta ni yóò dá a padà?"

Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Wọn ò tíì mọ̀ dáadáa, Màámi."

Inú mi dùn sí ìbéèrè náà títí mo fi rántí ibi tí mo ti rí i. Ó wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé tó wà lábẹ́ ibùsùn mi, pẹ̀lú bírò búlúù: Ta ni yoo da a pada?

Bí mo ṣe fẹ́ dìde ni ìyá náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun kò tíì rí ààyè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ọmọ òun sọ fún òun bí mo ṣe bá a wá ìwé rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, èmi ọ̀gá ńlá, tí mo ń tú pálí nínú eruku. Ó ṣàdúrà fún mi. Ó fún mi ní iṣu mẹ́ta.

Mo gbé iṣu náà délé. N kò lè jẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kejì

Iṣẹ́ ti ń parí. Bí a ṣe ń to ojú ewé ni Rẹ̀mílẹ́kún sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé yunifásítì ti kọ̀wé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ oyè gíga rẹ̀ dá dúró láàrin ọdún 1975 sí 1985 lè padà wá parí rẹ̀, bí ó bá lè mú ojúlówó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá kí oṣù kẹta tó parí. Wọn kò ní gba fọ́tòkọ́pì. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn á tì.

Mo bi í léèrè ohun tí yóò ṣe. Ó ní kí ni òun fẹ́ ṣe? Òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ òun ni. Ó to àwọn ojú ewé náà gún, ó fi ọwọ́ tẹ́ etí wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Mo ṣì máa ń lá àlá ìwé yẹn, sà. Aláwọ̀ ewé ni. Mo máa ń ṣí i lójú àlá, inú rẹ̀ á sì ṣófo."

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kejì

N kò lọ sí ìsìn. Mo sọ fún Àpínkẹ́.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú àpótí yẹn, nítorí ọdún mẹ́wàá nìyí tí mi ò jẹ́ kí òun gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó ní òun rò pé lẹ́tà obìnrin ni.

Mo ní lẹ́tà obìnrin náà kúkú ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní bí mo bá dá a padà, wọn yóò bi í léèrè ibi tó ti rí i, orúkọ mi yóò sì bàjẹ́. Wọ́n lè gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ta ni ń pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n níbí? Bàbá Wálé ni gbogbo ọjà mọ̀. Ọmọ yẹn wá jẹun nínú ilé mi. Ẹ lọ dá ìwé rẹ̀ padà."



Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá, òórùn ilẹ̀ dára. Kẹrosíìnì ṣì ṣọ̀wọ́n. Rájí wá gba orí kẹsàn-án, ó sì kà á ní ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun yóò fi síwájú gbogbo orí yòókù bí ẹgbẹ́ bá gbà. Lẹ́yìn náà ló wo òkè ojú ewé, níbi tí mo kọ orúkọ sí: Rẹ̀mílẹ́kún Awóyẹmí àti J. A. Bámigbóyè.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀lé tíṣà lẹ́yìn ni?"

Mo ní ẹni tó mọ̀nà ni í ṣíwájú.

Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó yìn mí. Ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹta

Mo gbé ìwé náà sínú báàgì, mo gbọ̀nà Àrán-Ọ̀rin. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Arandun. Mo bọ́ fìlà mi fi bo báàgì, mo ní kí ẹni tó ń wa alùpùpù yí padà.

Báyìí ni mo sọ ọ́ fún Àpínkẹ́. Irọ́ ni. Òjò ti dá kí a tó kúrò ní Arandun. Mo dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo rí i láti òkèèrè tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, ó ń rìn láàrin wọn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo dúró tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo padà.

N kò fẹ́ kí irọ́ mìíràn tún wà tí n kò kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹta

Ó ku ọjọ́ méjìlá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹta

Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún máa ń wà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀siẹ́ ni mo lọ. Mo fẹ́ kí ìyá náà wà níbẹ̀, nítorí ọpẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì yẹ kí n dá ìyẹn náà padà.

Wọ́n gbé àga fún mi. N kò jókòó. Mo ní ìwé náà kò sọnù. Mo ní ọwọ́ mi ló wà nígbà tí mo ń bá a tú pálí. Mo sọ ìdí rẹ̀: pé mo ka Ògbó sí ogbó, pé ojú tì mí, pé oyè wà níwájú mi. N kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Mo sọ fún ìyá pé àdúrà tó ṣe fún mi kì í ṣe tèmi.

Ṣàngóbùnmi gbé igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní iṣu yẹn ńkọ́, ṣé mo jẹ ẹ́? Mo ní n kò lè jẹ ẹ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ.

Mo yọ ìwé náà jáde, mo gbé e lé orí àga tí n kò jókòó lé. Rẹ̀mílẹ́kún kò fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wo èèpo rẹ̀, bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ti pẹ́ lájò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún mi kí n lè dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, sà. Kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò ka ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹ kọ̀wé."

Ó ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀, ó lọ tààrà sí ìṣirò ìkẹsàn-án láì wá a. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ni àyè wà tí olùkọ́ ti máa ń fọwọ́ sí i pé òun ti rí iṣẹ́ náà. Ó ṣófo. Gbogbo àyè bẹ́ẹ̀ ló ṣófo láti ojú ewé yẹn dé òpin.

Ó ní, "Ẹ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ òní ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọjọ́ ìgbà yẹn. Kí wọ́n rí àlàfo náà, kí ẹ sì kọ ohun tó fà á síbẹ̀."

Ó fún mi ní pẹ́ńsù pupa rẹ̀, ó tún rò ó, ó gbà á padà, ó fún mi ní bírò. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo gbé ìwé lé itan. Mo kọ ọ́ pé: Èmi ni mo fi ìwé yìí pamọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí di òní. Iṣẹ́ inú rẹ̀ tọ̀nà. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ 24 oṣù kẹta 1990. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlélógún ni wọ́n. Ó dúró lórí mi títí mo fi parí. Kò ràn mí lọ́wọ́, kò sì kán mi lójú.

Nígbà tí mo parí, mo padà sí ìlà búlúù náà. Mo bi í léèrè bóyá mo lè fi ọwọ́ kàn án. Ó ní kí n ṣe é. Mo fi àmì ìsàlẹ̀ sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Ogbo, àmì òkè sórí èyí tó kẹ́yìn. Ògbó ni.

Mo dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i. Ó gbà á.